Kàbúrétọ̀ Méjì Lórí Ahọ́n Ẹbọra

Ẹ súnmọ́ mi. Ẹni tó bá rí táyà kó jókòó lé e, ẹni tó bá rí àpáta kó jókòó lé e, ẹni tí kò bá rí ọ̀kankan kó fara ti igi. Mo mọ̀ pé ara yín kò lélẹ̀. Ọba ti fún kálukú yín ní mọ́tò láàárọ̀ yìí, ó ti fi afárá hàn yín, ẹ sì fẹ́ gùn ún lọ́la kí ẹ lè mú èèyàn yín padà sílé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Èmi Ọdẹ́ṣínà tí wọ́n ń pè ní Elétí-Ìgalà, ọmọ abúlé Ìdí-Arère, ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ekòló bá yí ara padà nínú ilẹ̀, mo máa ń gbọ́. Mo ti yìnbọn pa ẹfọ̀n tí n kò fojú rí, torí pé mo gbọ́ ibi tó ti ń jẹ àpọ́jẹ. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo gbọ́ ọ. Mo sì gbọ́ bí ebi ṣe ń kùn nínú rẹ. Jókòó dáadáa.

Ọmọ méjì ni Olódùmarè fún mi, ọjọ́ kan náà ló sì kó wọn fún mi. Táyélolú kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, ìyẹn ni pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán èkejì rẹ̀ wá tọ́ ayé wò. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń tọ́ ìbejì. Bí o bá ra yẹtí fún ọ̀kan láì ra ti èkejì, o ti fọwọ́ ara rẹ pe wàhálà wọlé. Èmi kò jẹ́ dán an wò. Bí mo bá pa ẹran, ojú gbogbo agboolé ni mo ti ń la itan sí méjì, màá gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, màá fọwọ́ wọ̀n wọ́n, màá gé e títí kò fi ní sí ìyàtọ̀. Àwọn ìyá ìbejì a máa rán ọkọ wọn wá wò mí kí wọ́n lè kọ́gbọ́n.

Àwọn ọmọ náà ti tó ilé ọkọ nígbà tí wọ́n lọ ṣẹ́gi ní etí Igbó Àìwẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ pupa kan ru jáde láti inú igbó, ó ń bú bí ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé àwọn méjèèjì lọ. Mo sáré débẹ̀. Igi tí wọ́n ṣẹ́ wà nílẹ̀, okùn tí wọ́n fi dì í kò tilẹ̀ tú. Ojú ẹsẹ̀ wọn dé ibì kan, ó tán. Háà! Èmi tí mo ń tọpa èkúté lórí àpáta, n kò rí ipa ọmọ tí mo bí! Mo jókòó sílẹ̀ gbì, bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó lù lórí.

Ìyá wọn, Àṣámú, kò sunkún. Ó lọ gbé ìbọn mi wá láti orí àjà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọmọ méjì ni mo bí. Tó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ fẹ́ mú bọ̀ fún mi, ẹ yáa jókòó síbẹ̀."

Mo wọ igbó. Ẹ má béèrè bí mo ti rìn tó, ọdẹ tó bá ń ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, tó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn igi Igbó Àìwẹ̀yìn kì í dúró lójú kan. Wọ́n a máa sáré, gbòǹgbò wọn a máa fọ́n erùpẹ̀, ẹni tó bá sì dúró sáàárín wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ewé. Mo rí ìrókò kan tó dojú kọ ibi tí afẹ́fẹ́ pupa gbà lọ, mo fò mọ́ ọn, mo dì mọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ọ̀bọ kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi wò mí, ó sún fún mi.

Ìrókò náà já mi sílẹ̀ lẹ́nu ibodè kan. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ kí i, àfi bí mo ṣe rí i pé ìlẹ̀kùn ló wà ní àyà rẹ̀! Ìlẹ̀kùn gidi, onígi, tó ní ìkọ́, tó ń ṣí tó ń tì bó ṣe ń mí. Ẹ̀rù bà mí dé ibi tí ọwọ́ mi fi yìnbọn kí n tó pa á láṣẹ. Obìnrin náà ṣí àyà rẹ̀, ọta wọlé níwájú, ó jáde lẹ́yìn, kò sì ta á lára rárá.

Ó ní, "Ọdẹ, ṣé ìbọn rẹ ti sọ tirẹ̀ tán? Jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mo ní ìlẹ̀kùn kan tí àlejò méjì ń gbà wọlé. Bí mo bá rọra ṣí i, àwọn méjèèjì á jọ wọlé, ilé á dùn. Bí mo bá ṣàdédé ṣí i gbayawu, ọ̀kan á ti wọlé, á ti jókòó, èkejì á ṣì máa wá bàtà rẹ̀ lójúde. Ilé á dákẹ́ lójijì. Àwọn wo ni àlejò méjì náà?"

Mo ní, "Ọkọ àti ìyàwó ni."

"Irọ́."

"Òjò àti oòrùn ni."

"Irọ́ ńlá."

Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó ń wá ọmọ, tó sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀, n kì í pa á. Máa kọjá. Ṣùgbọ́n inú irin ni wàá ti pàdé ìdáhùn àlọ́ yìí. Bí o bá pàdé rẹ̀ tí o kò dá a mọ̀, irin náà ni yóò pa ọ́." Ó ti ìlẹ̀kùn àyà rẹ̀ gbàgà, mo sì fi ìbẹ̀rù sáré wọ ìlú.

Ìlú Kánmọ́kánmọ́ tí a wà yìí náà ni. Ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ojú yín kò tíì rí nǹkan kan. Mo kí ọkùnrin kan pé ẹ káàárọ̀, ó ti kọjá lọ kí n tó dé "àárọ̀". Mo rí ìyá kan tó ń da omi sórí iṣu, kò gbé e kaná, ó ti ń jẹ ẹ́. Mo rí ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń sáré, tí ọkọ ń sáré lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ẹbí ń sáré súre fún wọn, kí wọ́n sì tó yí kọ̀rọ̀ wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹnu mi là, kò lè padé. Mo ní, orí mi o, irú ibo ni wọ́n kó àwọn ọmọ mi wá yìí?

Ọba Wàràǹṣeṣà jókòó sórí àga tó ní táyà mẹ́rin. Kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán. Ó ní, "Ọmọ rẹ méjèèjì wà níbí, ara wọn le. A kì í pa èèyàn, a kì í tà wọ́n. Ọ̀nà tó jáde nílùú yìí kò ju ọ̀kan lọ, afárá ni. Màá fún ọ ní mọ́tò, ẹni kan kì í gba méjì. Bí mọ́tò rẹ bá kọjá, ó ti kọjá nìyẹn."

Wọ́n mú mi lọ wo afárá. Ẹ̀yin ará mi, ẹ ti rí i láàárọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ahọ́n ni. Ẹbọra kan ló ń sùn sínú ọ̀fìn yẹn, ó na ahọ́n rẹ̀ jáde dé òdìkejì. Bí mọ́tò bá gùn ún, á rọra máa yọ́ rìn kí ẹbọra má bàa jí. Bó bá dé àárín, kò sí bí yóò ṣe rọra tó, ẹbọra á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ahọ́n wọnú. Ìgbà yẹn gan-an ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí mọ́tò sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lójú mi báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa mọ́tò funfun gun orí rẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan dúró létí ọ̀fìn, ó káwọ́ lérí, ó ń wò ó. Mọ́tò rọra lọ títí ó fi dé àárín. Ahọ́n mì. Mo gbọ́ bí ọmọ náà ṣe tẹ iná. Ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó kọ́kọ́ kọ háà, bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun, kó tó wá bú. Háà kan ṣoṣo yẹn náà ni, ahọ́n ti ká, ẹnu ti pa dé. Bàbá arúgbó yẹn kò ké. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń bu erùpẹ̀ láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì. 

Nígbà tí mo padà dé ààfin, wọ́n ti kó àwọn ọmọ mi jáde. A dì mọ́ra wa, a sunkún, àwọn ará ìlú sì ń wò wá bíi wèrè, torí kò sẹ́ni tó ráyè ẹkún níbẹ̀. Wọ́n wá ti mọ́tò tèmi dé. Mọ́tò pupa ni, ó rẹlẹ̀, ó gùn nímú, ó mọ́ gbẹ́ṣẹ́gbẹ́ṣẹ́. Mo jókòó sí ìdí sítíárì, mo ṣáná sí i, ó kùn dáadáa. Mo wá ṣàdédé tẹ iná mọ́lẹ̀. Ó kọ háà! Ohùn tí mo gbọ́ lórí ahọ́n náà ló jáde láti inú mọ́tò tèmi. 

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fojú di mí o, mo ti ń gun alùpùpù kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú yín, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń tún un ṣe. Mo mọ kàbúrétọ̀ bí mo ṣe mọ ìbọn. Òun ló ń po afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì jẹ. Ọ̀kan ni alùpùpù ní. Mọ́tò yìí ní méjì! Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀fun méjì là sílẹ̀, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà nínú ọ̀fun kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì ń bọ́ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo.

Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbejì ni kàbúrétọ̀ yìí! Ta ló mọ ìbejì tọ́ jù mí lọ?" Mo ní kí Táyélolú jókòó sí ìdí sítíárì kó máa tẹ iná nígbà tí mo bá ké sí i. Mo ní kí Kẹ́hìndé dúró tì mí kó máa mú sípánà. Sikirú kan wà lára kàbúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a fi ń dín epo kù tàbí tí a fi ń fi kún un. Mo dé àwọn méjèèjì pa, mo wá tú èyí, mo tú ìyẹn, iye kan náà, kò fi bíńtín yàtọ̀. Mo ké pé, "Táyé, tẹ̀ ẹ́!"

Ẹ́ńjìnnì kọ háà, ó húkọ́, ó pọ iná sókè, irùngbọ̀n mi apá kan sì jó! Ẹ wò ó, kò hù padà dáadáa títí di òní. Mo tún un ṣe, mo fi epo kún èyí, mo fi kún ìyẹn, ọgbọọgba. Ó burú sí i. Mo dín èyí kù, mo dín ìyẹn kù, ọgbọọgba. Ó kú. Mo bínú, mo ju sikirúdíráfà mọ́lẹ̀, mo ní mọ́tò náà kò lójútì. Mo ní, "Kí ló tún fẹ́ kí n ṣe? Ohun tí mo fún Táyé náà ni mo fún Kẹ́hìndé!"

Kẹ́hìndé mú sikirúdíráfà náà nílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

Mo ní, "Sọ̀rọ̀."

"Ẹran tí ẹ máa ń pín fún wa nílé ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é? Ọgbọọgba kọ́ ni?"

"Ọgbọọgba ni, Bàbá. Táyé á jẹ, á yó, á tún ṣẹ́kù. Èmi kì í yó. Láti kékeré mi, mi ò yó rí nílé wa."

Mo yíjú sí Táyélolú. Ó tẹ orí ba sórí sítíárì. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ, Bàbá. Mo máa ń fi tèmi pamọ́ fún un sábẹ́ ẹní."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹkùn ti fò mọ́ mi rí, n kò ta gìrì tó bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa ọmọ mi nínú ilé tí ẹran ti ń gbẹ lórí àjà! Mo yíjú padà sí Kẹ́hìndé, mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, o ò gbọ́ ọ rí ni?" Ó ní, "Ojú gbogbo agboolé lẹ ti ń wọ̀n ọ́n, Bàbá. Gbogbo ayé ń yìn yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sunkún, bẹ́ẹ̀ n kì í sunkún lójú ọmọ.

Nígbà tí ojú mi là, mo padà wo kàbúrétọ̀ méjèèjì. Mo fọwọ́ mi irin tó gbé ìlẹ̀kùn ọ̀fun wọn. Ti apá ọ̀tún le dáadáa. Ti apá òsì ti jẹ, ó ń mì jẹgẹjẹgẹ, afẹ́fẹ́ sì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìwọ̀n tó yó ọ̀kan kò lè yó èkejì. Mo ṣẹ́ ewé ìbẹ́pẹ kan lẹ́yìn ààfin, mo gé igi rẹ̀ tó ní ihò, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń fọn fèrè. Mo ti orí kan bọ etí, mo gbé orí kejì sẹ́nu kàbúrétọ̀ ọ̀tún bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn. Mo gbọ́ ṣììì. Mo gbé e sí ti òsì, mo gbọ́ fúúù. Ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ. Mo tú sikirú tòsì díẹ̀, mo gbọ́. Mo fún tọ̀tún díẹ̀, mo gbọ́. N kò ka ìyípo mọ́. Mo ń bọ́ kálukú títí ó fi sọ fún etí mi pé òun yó. Ibi tí sikirú méjèèjì wá dúró sí kò bára mu rárá, ṣùgbọ́n èémí wọn di ọ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ó ń kùn bí ológbò tó jẹun tán.

Mo ní, "Táyé, tẹ̀ ẹ́ lójijì!"

Ó kọ háà. Háà kékeré ni báyìí, ẹlòmíràn kò ní gbọ́ ọ. Èmi gbọ́. Ahọ́n ẹbọra yóò sì gbọ́ ọ.

Mo dúró, mo ń wo ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ inú ọ̀fun náà. Táyé rọra tẹ iná, ìlẹ̀kùn rọra ṣí, ẹ́ńjìnnì kọrin. Táyé ṣàdédé tẹ̀ ẹ́, ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì kó tó bú. Yéè! Mo pariwo débi tí àwọn ará Kánmọ́kánmọ́ dúró, àwọn tí kì í dúró! Àlọ́ obìnrin ẹnu ibodè ló wà níwájú mi. Afẹ́fẹ́ ni àlejò àkọ́kọ́, ó fúyẹ́, kíá ló wọlé. Bẹntiróòlù ni èkejì, ó wúwo, ó ṣì ń wá bàtà lójúde. Ìdí nìyẹn tí ebi fi ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá ṣílẹ̀kùn lójijì.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe irin yìí kò lè ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tẹjú mọ́ inú ọ̀fun, mo ní kí Táyé máa tẹ̀ ẹ́ láì ṣáná sí mọ́tò. Mo wá rí i. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń tu itọ́ bẹntiróòlù jáde bí a bá ti tẹ iná, itọ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi panu títí epo gidi yóò fi dé. Ti apá òsì tu itọ́ fììn. Ti apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ Táyé ti dé ìsàlẹ̀ kó tó kán tó, bí imú ọmọdé. Ìdọ̀tí ló dí i. Wáyà yóò ba ihò náà jẹ́, nítorí náà mo tu irun kan lára ìrù ẹfọ̀n tó wà lára àpò ọdẹ mi, mo fi gún un, mo fẹnu fẹ́ ẹ. Mo fún irin tó ń tì í, tó ti tú díẹ̀, kó lè tu itọ́ ní kété tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Mo ní, "Ó yá, ọmọ mi." Táyélolú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bẹẹẹ! Kò kọ háà. Ẹsẹ̀ àti ohùn di ọ̀kan. Kẹ́hìndé fò sókè, ó ń jó. Mo mú Táyélolú yí àgbàlá ọba po títí ó fi mọ jíà, torí pé ó dùn mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Lọ́kàn mi, mo ti ń gbọ́ bí Àṣámú yóò ṣe ké nígbà tí a bá wọ abúlé.

Ìgbà náà ni ọba yí àga rẹ̀ dé. Ó ní, "Ọdẹ́ṣínà, mo gbọ́ pé mọ́tò rẹ kò ṣiyèméjì mọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. A ti fẹ́ máa lọ."

Ó ní, "Àga mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

Mo wò ó. Méjì ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Inú ilé ọmọ kan náà ni àwọn ọmọ yìí gbé, Kábíyèsí. Wọ́n á jọ jókòó sórí àga kan."

Ọba kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àga kan, èèyàn kan. Bí ẹnì kan bá gun ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ahọ́n á ká kí táyà tó dé orí rẹ̀. Ṣé o rò pé mọ́tò ni a fi ń dán yín wò níbí? Kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní mọ́tò, a máa ń ka òun àti àwọn tó wá mú, a ó sì yọ àga kan. Ọ̀pọ̀ ti tún mọ́tò ṣe, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò fi sílẹ̀. Mọ́tò wọn ń dípẹtà lẹ́yìn ààfin."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ! Ìgbà náà ló yé mi ẹni tí bàbá arúgbó yẹn jẹ́ sí ọmọkùnrin inú mọ́tò funfun. Gbogbo ìlú dúró, wọ́n ń wojú mi láti mọ èyí tí màá mú nínú ọmọ méjì. Mo rí i pé ẹnu wọn ń dá itọ́. Inú bí mi! Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ, àwọn tí wọn kò tilẹ̀ burú wá ńkọ́?

N kò ro ó pẹ́. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Mo ní, "Táyé, dúró síbi tí o jókòó sí yẹn. Kẹ́hìndé, wọlé, kí o sì dira rẹ mọ́ àga."

Táyélolú ní, "Bàbá, mi ò wa mọ́tò jáde rí!"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ta ni mo fi tún un ṣe? Ẹsẹ̀ rẹ ló mọ̀, kò mọ tèmi. Rọra máa lọ títí wàá fi rí i pé ilẹ̀ mì. Bó bá ti mì, tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, má sì wẹ̀yìn. Bí o bá wẹ̀yìn, ìwọ ni wàá kọ háà."

Kẹ́hìndé di ẹ̀wù mi mú. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Kí la fẹ́ sọ fún Màmá?"

Mo ní, "Sọ fún un pé mo mú méjèèjì bọ̀."

Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi, ìka kọ̀ọ̀kan. Mo ti ìlẹ̀kùn.

Mọ́tò pupa gun ahọ́n. N kò lè wò ó. Mo di ojú, mo fi etí nìkan tẹ̀lé wọn. Ó ń kùn, ó ń lọ, èémí méjì tó di ọ̀kan. Mo gbọ́ bí ahọ́n ṣe mì. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ mi ṣe balẹ̀, mo sì gbọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà kan náà. Kò kọ háà! Mo gbọ́ táyà tó fò, mo gbọ́ bí ó ṣe kan ilẹ̀ gidi ní òdìkejì, mo gbọ́ eyín ẹbọra tó pàdé lórí òfìfo. Mo gbọ́ jíà kejì. Mo gbọ́ ẹkẹta. Mo gbọ́ ọ títí ó fi kọjá òkè, mo sì dúró síbẹ̀ títí kò fi sí nǹkan kan láti gbọ́ mọ́.

Ṣé wọ́n délé? N kò mọ̀. Ẹ má bi mí mọ́.

Kí ló dé tí ẹ dákẹ́ báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú lẹ́ẹ̀kan! Ìwọ Akíngbadé, jókòó, má sáré lọ sídìí mọ́tò rẹ, mo ti wò ó kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá rẹ àti ìyàwó rẹ lo wá mú. Àga méjì ló wà nínú mọ́tò rẹ. Mo mọ̀, ọmọ mi. Sunkún, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Bí o bá sunkún tán, pe ìyàwó rẹ wá kó jókòó sí ìdí sítíárì, kí n gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ìwọ lọ ṣẹ́ igi ewé ìbẹ́pẹ wá, kí o sì ṣẹ́ èyí tó gùn. Màá kọ́ ọ bí a ṣe ń fi í gbọ́rọ̀. Ìwọ àti èmi ráyè.